Abísínwín: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Ìyá Ìkókó Kan ní Ẹ̀yìn Odi Ìbàdàn

Nọ́ọ̀sì ìtọ́jú ọpọlọ ni mí, ẹ̀yìn odi Ìbàdàn ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn àti ọkọ rẹ̀ ló fún mi láṣẹ kí n kọ èyí sílẹ̀, mo sì ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Nínú gbogbo àìsàn ọpọlọ tí mo ti bá pàdé, abísínwín wà lára àwọn tó ń yára le jù lọ. Ó tún wà lára àwọn tó ń san dáadáa jù lọ bí ìtọ́jú bá tètè dé. Ìyá kan sí méjì nínú ẹgbẹ̀rún tó bá bímọ ló máa ń ṣe. Iye yẹn lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ wo iye ọmọ tí à ń bí lójoojúmọ́ ní ilẹ̀ yìí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Aránṣọ ni obìnrin náà, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ àti ọmọṣẹ́ méjì, ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ akérò. Oyún àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ń lọ sí kíláàsì aboyún déédéé, wọ́n ń wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì fún un ní oògùn ibà àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Lára ohun tí wọ́n bi í nígbà tó forúkọ sílẹ̀ ni ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìbejì nínú ẹbí. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá àìsàn ọpọlọ wà nínú ẹbí rẹ̀, nítorí kò sí lórí ìwé tí wọ́n ń kọ.

Ilé ìgbẹ̀bí kan ládùúgbò ló bí sí. Ìrọbí náà pẹ́, kò sì fojú kan oorun ní odidi òru méjì kó tó bí. Ọmọkùnrin ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìyá ọkọ rẹ̀ tó wá bá wọn wẹ ọmọ ṣàkíyèsí pé ìyàwó kì í sùn. Bí ọmọ bá sùn, ìyá ọmọ á dìde, á tún máa fọ aṣọ ìkókó tó ti fọ̀ lọ́sàn-án. Ní aago méjì òru, á jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń kọrin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀ láti sọ fún wọn pé ìràwọ̀ ọmọ òun kò ní ẹgbẹ́. Inú ilé dùn. Ẹni tó bá rí ìyá ìkókó tó ń jó tó ń yọ̀, ta ni yóò pè é ní aláìsàn? Kò sì rẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ìyẹn kó ìfura bá ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, nítorí ìyá tí kò sùn tí kò sì rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ìyá tí ọmọ kò jẹ́ kó sùn.

Ọjọ́ kẹjọ pé, ìkómọ sì dé. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ yìí, torí pé n kò rí i kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni abísínwín máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́wàá. Àárín gan-an ni ìkómọ Yorùbá bọ́ sí. Àwọn olùwádìí ní Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, kọ ọ́ ní 2018 pé láàárín àwọn obìnrin tó ní àìsàn ọpọlọ oníyìípo, èyí tí inú ẹni máa ń ga sókè kọjá ààlà tó sì tún máa ń wálẹ̀ kọjá ààlà, àwọn tí àìsùn máa ń ti inú wọn sókè ni abísínwín ń mú ní ìlọ́po méjì. Ẹ wá wo òru ìkómọ nílé wa: àwọn alásè kò sùn, àlejò kún yàrá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń dún láti ìdájí, ìyá ìkókó ń pààrọ̀ aṣọ, ó ń kúnlẹ̀ kí ẹbí ọ̀tún, ó ń kúnlẹ̀ kí ẹbí òsì. Èmi kò sọ pé kí á má kó ọmọ jáde. Àṣà wa ni, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n fún obìnrin tí oorun ti sá kúrò lójú rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, ọjọ́ náà lè tì í já gbágá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí pásítọ̀ fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, ìyá ọmọ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún ọmọ lórúkọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ó sì da ìyókù oyin inú abọ́ sórí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹjú mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tó gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ní èyí tí wọ́n gbé yẹn kọ́ ni òun bí, wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun ní ìdájí.

Àgbo, ààwẹ̀ àti irin

Bàbá àgbà kan nínú ẹbí ọkọ ló kọ́kọ́ dá sí i. Ó gbẹ́ egbò asofẹ́yẹjẹ, ó sè é, wọ́n ń fún obìnrin náà mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó sùn fọnfọn, ọkàn gbogbo ilé sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jí, ojú ń kọ́ ọ bó bá dìde, ọ̀rọ̀ tó ń sọ kò sì yí padà. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí ilé àdúrà kan nìyẹn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí ó ti sá lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹbí yìí kì í ṣe ìkà. Ilé àdúrà kì í ti ilẹ̀kùn lóru, wọn kì í béèrè owó kí wọ́n tó wo ẹni tí wọ́n gbé dé, wọ́n ń jẹ́ kí ìyá àti ọkọ sùn ti aláìsàn, wọ́n sì ń fún ẹbí ní ìdí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ fi ṣẹlẹ̀. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera kì í sábà ṣe èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí kò bá gba èyí gbọ́ kò ní mọ bí yóò ṣe bá àwọn ènìyàn yìí sọ̀rọ̀.

Ìyá Àdúrà tó ni ilé àdúrà náà ló ránṣẹ́ pè mí fúnra rẹ̀. A ti mọra tẹ́lẹ̀, nítorí àwa òṣìṣẹ́ sẹ́ńtà ìlera máa ń lọ kí àwọn alágbàwo àti àwọn wòlíì tó wà ní agbègbè wa, a máa ń bá wọn wo àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀nà yìí ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣáájú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Gánà, èyí tó jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 2020. Aláìsàn 307 ló wà nínú rẹ̀. Níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti wòlíì ṣe ìtọ́jú pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ju ti àwọn ibi tí olúkúlùkù ti ń dá tirẹ̀ ṣe.

Mo kúnlẹ̀ kí i: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Màmá."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀," ó wí. "Ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Mo mọ bí ara ẹni tí ẹ̀mí gùn ṣe máa ń gbóná. Ti eléyìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ara obìnrin náà gbóná dé 39.1, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 80/50, ọkàn rẹ̀ sì ń lù kìkìkì. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti là. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, òórùn ẹ̀jẹ̀ ìbímọ rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi: àrùn ti wọ ilé ọmọ. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láìdákẹ́, ó ń pè mí ní orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́yìn náà ló dákẹ́ lójijì, ó ń gbọ́ ohun tí èmi kò gbọ́.

Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó o lára. N kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ irin. Mo kọ́kọ́ béèrè ohun tó jẹ kẹ́yìn, oorun tó sùn kẹ́yìn, àti ibi tí ọmọ wà. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé, "Màmá, mo fẹ́ wẹ egbò ẹsẹ̀ yìí. Ṣé ẹ lè bá mi tú irin yẹn kí n lè rí i dáadáa?" Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Nígbà tí mo di egbò náà tán, kò dá irin padà sórí báńdéèjì. Ó ní kí ọkọ obìnrin náà wá jókòó tì í. Òfin tuntun wà lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2023 láti fi rọ́pò òfin tí àwọn amúnisìn ti fi lélẹ̀ láti 1916, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Níbi tí ènìyàn bá ti kọ̀ jálẹ̀ tó ń fi ìyà jẹ aláìsàn, òfin ni kí á lò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fi òfin ko Màmá lójú lọ́jọ́ náà, ẹbí ì bá ti gbé aláìsàn wọn lọ lóru sí ibi tí n kò ní mọ̀.

Màmá gbàdúrà fún un, ó ní kó ṣínu ààwẹ̀ rẹ̀, ó fún un lómi. Ọkọ̀ akérò ọkọ rẹ̀ ni a fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Ta ló ni ín?

Nílé ìwòsàn, dókítà àwọn aláboyún ní ìwà obìnrin yìí ti kọjá ohun tí yàrá wọn lè gbà, kí á gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọpọlọ. Dókítà ọpọlọ wò ó, ó ní ibà tó wà lára rẹ̀ ló ń da ọkàn rẹ̀ rú, kí á gbé e padà. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Àrùn ilé ọmọ lè mú kí ènìyàn máa sọ ìsọkúsọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti gìrì ìbímọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá rí ìyá ìkókó tó ń ṣe wèrè tí kò wọn ìgbóná ara rẹ̀ lè pa á pẹ̀lú oògùn oorun. Ṣùgbọ́n aláìsàn kan lè ní méjèèjì pa pọ̀, ìtàn ọjọ́ kẹta tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀, kí ibà tó dé rárá, sì fi hàn pé méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ìtàn yẹn ni mo kọ sójú ìwé kan tí mo fi lé dókítà lọ́wọ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwé yẹn ló parí àríyànjiyàn. Yàrá aláboyún gbà á wọlé, dókítà ọpọlọ sì ń wá wò ó níbẹ̀.

Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò láti inú iṣan. Ti oògùn ọpọlọ ló gba ìrònú. Chlorpromazine ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí, ṣùgbọ́n ó ń fa ìfúnpá wálẹ̀, àgbo tí obìnrin yìí mu sì ti fà á wálẹ̀ ná. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú asofẹ́yẹjẹ. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà náà lo reserpine fún àwọn aláìsàn wọn, nítorí náà ohun tí bàbá àgbà yẹn mọ̀ kì í ṣe asán. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n tó wà nínú ife kan, ó sì ń bá oògùn mìíràn jà. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rù láti jẹ́wọ́ àgbo náà. Ìgbà tí mo béèrè pé, "Kí ni ẹ ti fún un tó jẹ́ kó sùn?", láìsí ìbáwí lóhùn mi, ló tó sọ. Haloperidol díẹ̀ ni dókítà wá yàn, pẹ̀lú diazepam kí ó lè sùn, lẹ́yìn tí ìfúnpá rẹ̀ ti gòkè.

Ní ọjọ́ kẹta, ibà lọ. Wèrè kò lọ. Ó hàn kedere báyìí: inú rẹ̀ ga sókè fún wákàtí díẹ̀, ẹkún dé lẹ́yìn ìyẹn, ó sì dá a lójú pé ọmọ náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ọrùn tó lọ́

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ fẹ́ẹ́ bàjẹ́. Ọrùn obìnrin náà ṣàdédé lọ́ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ yí sókè, ahọ́n rẹ̀ ń yọ síta. Ẹni tó bá ti ń lo haloperidol mọ ohun tí èyí jẹ́: iṣan ló fà, kì í pa ènìyàn lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ní oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ó ké tòò: "Ẹ wò ó! Ẹ̀mí náà ti ń lọ́ ọ lọ́rùn!" Ó ti ń di ẹrù, ó sì pe Ìyá Àdúrà lórí fóònù pé kó wá bá wọn gbé e kúrò níbẹ̀.

Kí á tó kúrò ní ilé àdúrà ni mo ti sọ fún Màmá pé ọrùn tàbí ẹnu lè lọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, pé kò ní pẹ́ tí yóò fi padà. Ó dá ìyá ọkọ lóhùn pé, "Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àdúrà ń lọ níbí." Wọ́n gún un ní promethazine, ọrùn rẹ̀ sì bọ́ sípò láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láti alẹ́ yẹn ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti ohun tó ń ṣe. Gbogbo bí mo ṣe rò ó, ibí ni ìtọ́jú yìí ti yí. Kì í ṣe oògùn ló dá ẹbí náà dúró, ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni, ẹni náà sì lè sọ ọ́ nítorí pé a ti sọ fún un ṣáájú.

Lẹ́yìn èyí, dókítà yí oògùn sí olanzapine lálẹ́. Dókítà kékeré kan dábàá sodium valproate torí ó rọrùn láti rí, ọ̀gá rẹ̀ sì kọ̀: oògùn yẹn ń ba ọmọ inú jẹ́ gidigidi, kò yẹ kí á fi í sọ́wọ́ obìnrin tó ṣì máa bímọ. Wọ́n ronú nípa lithium, oògùn kan tó ń mú kí inú ẹni dúró sójú kan. Ní Rotterdam, ní ilẹ̀ Netherlands, dókítà ọpọlọ Veerle Bergink àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú obìnrin 64, oògùn oorun lákọ̀ọ́kọ́, oògùn ọpọlọ tẹ̀ lé e, lithium sì tẹ̀ lé ìyẹn fún ẹni tí kò tíì yá. Gbogbo wọn àyàfi ẹnì kan ló yá pátápátá, wọ́n sì gbé àbájáde náà jáde ní 2015. Àmọ́ lithium gba kí á máa yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ déédéé, ilé ìwòsàn yìí kò sì lè ṣe é nígbà gbogbo. Wọ́n fi í sílẹ̀ de ìgbà tí olanzapine bá kùnà. Kò kùnà.

Ọmọ náà

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sá fún. Mo jókòó ti obìnrin náà nígbà tí yàrá parọ́rọ́, mo ní: "Ìyá ìkókó, bí ara ìyá bá ṣe báyìí, èrò tó ń dẹ́rù bani máa ń wá nígbà mìíràn nípa ọmọ. Ṣé irú rẹ̀ ti wá sí yín lọ́kàn?" Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí etí odò, kí wọ́n lè dá ọmọ mi padà fún mi."

Bí a kò bá béèrè, a kò ní mọ̀. Láti ìgbà náà, a kò fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mọ́. Ṣùgbọ́n a kò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (UK), wọ́n ní àwọn wọ́ọ̀dù tí ìyá aláìsàn àti ọmọ rẹ̀ jọ máa ń wà pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì. A kò ní irú rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n a ní ìyá àgbà. Ìyá ọkọ rẹ̀ tàbí ìyá tó bí i ló máa ń di ọmọ mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń fún un lọ́mú, a sì ń wo ọmọ bóyá oorun rẹ̀ ti pọ̀ jù nítorí oògùn. Kí ẹbí wà ní ẹ̀gbẹ́ aláìsàn kì í ṣe ohun àjèjì fún wa: ní 1954 ni dókítà ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn.

Ìyá tó bí i ló tú àṣírí. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó fa apá mi, ó ní àbúrò òun obìnrin ti ṣe irú èyí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn ọmọ kejì àti ìkẹta. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mọ́, nítorí àtilọ́kọ àwọn ọmọbìnrin. A mọ bí ó ṣe rí: bí ẹbí ọkọ bá ń ṣe ìwádìí tí wọ́n gbọ́ pé wèrè wà nínú ìdílé, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tán. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ kí ọmọ wọn lè rí ọkọ fẹ́, ìpamọ́ yẹn náà ló sì jẹ́ kó bímọ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ oorun rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wèrè lọ

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń sùn dáadáa. Ní ọjọ́ kan ó gba ọmọ, ó ṣí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọmọ-ìka kan tó tẹ̀ bíi ti bàbá rẹ̀, ó ní, "Tiwa ni." Wọ́n dá a sílẹ̀ láìpẹ́ sí i.

Àwọn ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń tẹ̀ lé abísínwín lẹ́yìn tí ọpọlọ bá ti dá, ìgbà yẹn sì ni ìtìjú máa ń wọlé. Àwọn oníbàárà wá gba aṣọ wọn láìrán, ọmọṣẹ́ kan kò padà, àwọn ọmọdé ń fi orúkọ àìsàn náà pè é. Ó sọ fún mi pé ó sàn kí òun kú. Mo bi í bóyá ó ti ronú bó ṣe máa ṣe é. Ó ní rárá, a sì ṣètò pé kó má dá wà, kí oògùn má sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ kan lọ. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ní sẹ́ńtà wa ń jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń mú ìṣòro kan péré lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá ohun tó ṣeé ṣe sí i. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn aboyún tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ní Nàìjíríà, tó jáde ní 2019, fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà lè ṣe irú ìtọ́jú yìí, tí bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn obìnrin náà fi yá. Ìṣòro àkọ́kọ́ tí òun mú wá ni owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀. Ìṣòro kejì ni bó ṣe máa gba ojú ọjà kọjá. Nígbà tí ilé ìwé kan gbé yúnífọ́ọ̀mù fún un rán, mo rí i pé kò nílò mi tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyá Àdúrà fẹ́ kó wá jẹ́rìí níwájú ìjọ. Kò fẹ́. A jọ sọ ọ́, Màmá sì gbà kó kàn wá dúpẹ́ láìdárúkọ àìsàn kankan. Lẹ́yìn bí ọdún kan ni dókítà rọra dín oògùn rẹ̀ kù títí tó fi tán.

Oyún kejì

Ọmọ àkọ́kọ́ ti pé ọdún mẹ́ta nígbà tó tún lóyún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ bímọ mọ́. Mo sọ ohun tí ìwádìí sọ fún ẹbí: nínú obìnrin mẹ́ta tó bá ti ṣe abísínwín rí, bí ẹnì kan ló máa ń tún un ṣe. Meji kì í ṣe é, a sì lè dáàbò bo ẹni kẹta. Nínú ìwádìí Rotterdam ti 2012, àwọn obìnrin tí àìsàn náà kì í yọ wọ́n lẹ́nu àfi lẹ́yìn ìbímọ kò nílò oògùn nígbà oyún. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ní kété tí wọ́n bímọ kò ṣàìsàn rárá. Nínú àwọn tó kọ̀ ọ́, 44% ló tún ṣe é.

A kọ ètò náà sílẹ̀ ní ojú ewé kan, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú káàdì aboyún rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni yóò bí sí. Olanzapine yóò bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó bá bí. Lóru, ìyá àgbà ni yóò fún ọmọ ní wàrà tí ìyá rẹ̀ ti fún sílẹ̀, kí ìyá lè sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fún ìkómọ, pásítọ̀ yóò wá láàárọ̀ pẹ̀lú ẹbí díẹ̀, kò ní sí gbohùngbohùn. Àpèjẹ yóò di oṣù kẹta. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ṣòro fún jù láti gbà, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń retí aṣọ, ṣùgbọ́n òun náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kẹjọ tó ń sọ fún àlejò pé ìyá ìkókó ń sùn.

Kò lọ geere. Lóru ọjọ́ karùn-ún, wákàtí mẹ́ta péré ló sùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti ń yára ní ìdájí. Ọkọ rẹ̀ pè mí kí aago méje tó lù. Dókítà fi kún oògùn lọ́jọ́ náà, ó sùn ní alẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà ọmọ àkọ́kọ́, àmì yìí kan náà ni gbogbo ilé pè ní ayọ̀.

Ohun tí àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí lè mú níbẹ̀

Ẹ wọn ìgbóná ara àti ìfúnpá kí ẹ tó sọ pé ọpọlọ ni, ẹ má sì jẹ́ kí ibà mú yín gbàgbé ọpọlọ. Ẹ béèrè àgbo pẹ̀lú ohùn tí ènìyàn lè fi dáhùn. Ẹ sọ ohun tí oògùn lè ṣe fún ẹni tí ẹbí ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, yálà wòlíì ni tàbí bàbá àgbà, kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ béèrè nípa ọmọ láìfi bọpo bọyọ̀. Bí aláìsàn bá lọ sílé, ẹ má pa fáìlì rẹ̀ dé, nítorí ìgbà ìrẹ̀wẹ̀sì kù lẹ́yìn.

Ní sẹ́ńtà wa, a ti fi ìbéèrè méjì kún ohun tí à ń bi aboyún lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wá: ṣé ọkàn yín ti dàrú rí débi tí ẹ kò fi mọ ohun tí ẹ ń ṣe, tàbí tí wọ́n fi gbà yín sí ilé ìwòsàn tàbí ilé àdúrà, ṣé ìyá, àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n yín kankan ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó bímọ? Lẹ́yìn tí a bá wọn ìfúnpá tán ni à ń bi í, òun nìkan nínú yàrá, láìsí ọkọ tàbí ìyá ọkọ níbẹ̀. A tún ń bi í lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù kẹjọ, torí àwọn kan kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kìn-ín-ní. Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí èyíkéyìí, a ó ti kọ ètò oorun rẹ̀ sílẹ̀ kó tó bímọ, a ó sì fi nọ́ńbà fóònù wa sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀.